Fájuyì ní Lálúpọn: Bí Ó Ṣe Yẹ Kí Á Rántí Akọni

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí a bá perí akọni, à á fidà lalẹ̀. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ló ń pa òwe yìí láìbi ara wọn léèrè ohun tó fà á tó fi jẹ́ pé ilẹ̀ ni a ń fi idà là, tí kì í ṣe ògiri, tí kì í sì í ṣe igi. Lójú tèmi, ìdí rẹ̀ kò fara sin. Ilẹ̀ ni akọni ń tẹ̀ bó ṣe ń lọ sójú ogun, ilẹ̀ ló ń gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nígbà tó bá ṣubú, ilẹ̀ náà ni yóò sì máa jẹ́rìí nígbà tí ẹnu àwọn alààyè kò bá kò mọ́. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ rántí akọni bó ti tọ́ àti bó ti yẹ, kò gbọdọ̀ mọ orúkọ rẹ̀ nìkan. Ó yẹ kó mọ ilẹ̀ tí akọni náà ṣubú sí pẹ̀lú, kó sì mọ ohun tó gbé e dé ibẹ̀.

Ilẹ̀ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí kò jìnnà sí Ìbàdàn. Bí ènìyàn bá gba ọ̀nà Ìwó jáde kúrò nínú ìlú, tó kọjá àwọn ilé tó ti gba oko àwọn bàbá wa, yóò wọ agbègbè Ìjọba Ìbílẹ̀ Lágelú. Orúkọ Lágelú, jagunjagun tí ìtàn sọ pé ó kọ́kọ́ tẹ Ìbàdàn dó, ni wọ́n fi sọ agbègbè náà. Apá ibẹ̀ ni Lálúpọn wà, ìlú kékeré tí ojú irin tó ti Ìbàdàn lọ sí Òṣogbo gbà kọjá, tí àwọn abúlé àgbẹ̀ sì yí ká. Nínú igbó kan ní tòsí ìlú yìí ni wọ́n ti pa Ọ̀gágun Francis Adékúnlé Fájuyì, Gómìnà ológun àkọ́kọ́ fún Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà, ní ọjọ́ 29 oṣù keje ọdún 1966. Òun nìkan kọ́ ni wọ́n pa. Wọ́n pa á pọ̀ pẹ̀lú àlejò rẹ̀, Ọ̀gágun Àgbà Johnson Aguiyi-Ironsi, tí í ṣe olórí ìjọba ológun orílẹ̀-èdè yìí. Ogójì ọdún àti oṣù kan péré ni Fájuyì lò láyé.

Wọn kò tí ì bí mi nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ènìyàn tó jẹ́ ẹgbẹ́ mi, ẹnu àgbà ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ Fájuyì, kí n tó wá bá a pàdé nínú ìwé. Ohun tí ó sì ń yà mí lẹ́nu ni pé nínú gbogbo ohun tí àwọn àgbà ń sọ, n kò gbọ́ kí ẹnì kan mẹ́nu ba àmì-ẹ̀yẹ ìgboyà tí ó gbà lójú ogun. Bẹ́ẹ̀ ó gbà á, àmì-ẹ̀yẹ tí kì í ṣe kékeré sì ni. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ń sọ nípa rẹ̀: pé kò fi àlejò rẹ̀ sílẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà láàrin ohun tí ìjọba yẹ́ ọkùnrin yìí sí fún àti ohun tí àwọn ènìyàn rẹ̀ fi ń rántí rẹ̀ ni mo fẹ́ kí á gbé yẹ̀ wò.

Ìlú Adó-Èkìtì ni wọ́n bí Fájuyì sí ní ọjọ́ 26 oṣù kẹfà ọdún 1926. Ní ọdún 1943, nígbà tí ogun àgbáyé kejì ń gbóná lọ́wọ́, ó wọ iṣẹ́ ológun gẹ́gẹ́ bí ọmọ ogun lásán, lábẹ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣàkóso wa nígbà náà. Ẹ̀ka àwọn tó ń fi wáyà àti rédíò ránṣẹ́ láàrin àwọn ọmọ ogun ló wà, ibẹ̀ ló sì ti ga dé ipò sájẹ́ǹtì. Ní ọdún 1951, wọ́n fún un ní British Empire Medal. Ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ fún un ni pé nígbà tí àwọn ọmọ ogun ẹ̀ka rẹ̀ ń ṣọ̀tẹ̀ nítorí oúnjẹ tí wọ́n ń fún wọn, ó wà lára àwọn tó bá wọn pẹ̀tù sí i tí ọ̀rọ̀ náà kò fi di ohun tí apá kò ká. Ẹ jẹ́ kí á fi èyí sọ́kàn. Àmì-ẹ̀yẹ àkọ́kọ́ tí ọmọ ogun yìí gbà kì í ṣe ti ẹni tó pa ọ̀tá. Ti ẹni tó pa iná ọ̀tẹ̀ ni. Ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ̀tẹ̀ àwọn ọmọ ogun mìíràn wá pa òun fúnra rẹ̀.

Ní ọdún 1954 wọ́n rán an lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀gá ológun ní Eaton Hall ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì padà wálé gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan lára àwọn ọmọ Nàìjíríà díẹ̀ tó jẹ́ ọ̀gá nínú iṣẹ́ náà. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1960, ilẹ̀ Kóńgò gba òmìnira lọ́wọ́ àwọn ará Belgium ní ọjọ́ 30 oṣù kẹfà, ṣùgbọ́n kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí àwọn ọmọ ogun ibẹ̀ fi ṣọ̀tẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje, agbègbè Katanga, níbi tí kùsà bàbà pọ̀ sí, kéde pé òun ti yà kúrò lára Kóńgò. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kó ọmọ ogun jọ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ lọ pẹ̀tù sí aáwọ̀ náà. Nàìjíríà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira tirẹ̀ ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn kan náà wà lára àwọn tó rán ọmọ ogun lọ. Ìkókó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá ni Nàìjíríà nígbà náà, síbẹ̀ wọ́n ti ní kó wá bá wọn là ìjà.

Májọ̀ ni Fájuyì nígbà náà, òun sì ni olórí ọ̀wọ́ kan nínú bàtálíọ̀nù kẹrin ti àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà. Ní àríwá Katanga, àwọn ọ̀tá ba dè wọ́n ní ibùba. Ẹni tó bá ti gbọ́ ìtàn ogun Yorùbá mọ ohun tí ibùba ń ṣe fún ọmọ ogun: a kì í rí ẹni tó ń ta ọfà, a kì í mọ ibi tí à bá sá sí, ìpayà ló sì sábà máa ń pa ènìyàn jù ọfà lọ. Fájuyì kò páyà. Ó kó àwọn ènìyàn rẹ̀ jáde kúrò nínú ibùba náà. Nítorí ìgboyà yìí àti àwọn iṣẹ́ mìíràn tí ó ṣe ní agbègbè náà, wọ́n fún un ní Military Cross ní ọdún 1961. Àmì-ẹ̀yẹ yìí, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì dá sílẹ̀ ní ọdún 1914, jẹ́ àgbélébùú fàdákà tí a so mọ́ aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ aláwọ̀ funfun àti elésè àlùkò. Títí di ọdún 1963 tí Nàìjíríà fi di olómìnira tí kò lọ́ba lókèèrè mọ́, Ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣì ni olórí wa. Ìdí nìyẹn tí ọmọ Adó-Èkìtì fi lè gba irú àmì-ẹ̀yẹ bẹ́ẹ̀ fún ogun tí ó jà ní Kóńgò.

Bí a bá wo ohun tí Fájuyì ṣe ní Katanga dáadáa, a ó rí i pé kì í ṣe iye ẹni tó pa ni wọ́n yìn ín fún. Wọ́n yìn ín nítorí pé kò fi àwọn tó tẹ̀ lé e sílẹ̀. Èyí sì bá ohun tí àwọn baba wa ń pè ní akin mu. Ní Ọ̀yọ́ ilé, àwọn Ẹ̀ṣọ́ ni ọmọ ogun tó lókìkí jù, àádọ́rin ni wọ́n, òfin wọn kò sì fi àyè sílẹ̀ fún ẹ̀rù. Ọ̀nà méjì péré ló yẹ Ẹ̀ṣọ́: kó jà kó ṣẹ́gun, tàbí kó jà kó kú sójú ogun. Ẹ̀ṣọ́ tí wọ́n bá rí ọgbẹ́ ní ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ́, nítorí ẹni tó ń sá lọ ni ọfà ń bá lẹ́yìn. Ìbàdàn tí a ń sọ̀rọ̀ agbègbè rẹ̀ yìí, ibùdó ogun ni ní ìbẹ̀rẹ̀. Ìjàyè, tó wà ní agbègbè Akínyẹlé lónìí, ni Kúrunmí Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò ti kojú Ìbàdàn láàrin ọdún 1860 sí 1862. Ìlú náà fọ́, àwọn ọmọ rẹ̀ kú sógun, òun náà sì kú. Síbẹ̀ ẹni tó ṣẹ́gun àti ẹni tí a ṣẹ́gun ni a ń rántí ní ilẹ̀ yìí. Ikú yá ju ẹ̀sín lọ ni ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ọkùnrin.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á padà sí ọdún 1966. Ìdìbò oṣù kẹwàá ọdún 1965 ti da Ìwọ̀ Oòrùn rú kí ọdún náà tó parí. Wẹ́tíẹ̀ ni àwọn ènìyàn ń pe ohun tó ń ṣẹlẹ̀: wọ́n ń da epo bẹntiróòlù sí ilé àti ara ènìyàn, wọ́n sì ń ṣáná sí i. Ní ọjọ́ 15 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1966, àwọn ọ̀dọ́ ọ̀gá ológun kan dìtẹ̀. Wọ́n pa Tafawa Balewa, Ahmadu Bello, àti Ládòkè Akíntọ́lá tí wọ́n bá nílé rẹ̀ ní Ìbàdàn, pẹ̀lú àwọn àgbà ọ̀gá ológun mélòó kan. Púpọ̀ nínú àwọn tó dìtẹ̀ jẹ́ ọmọ Ígbò. Púpọ̀ nínú àwọn tó kú sì jẹ́ ará Òkè Ọya. Ironsi, ọmọ Umuahia, tí kò sí nínú ìdìtẹ̀ náà, ló gba ìjọba. Ní ọjọ́ 17 oṣù náà ó fi Fájuyì ṣe Gómìnà Ìwọ̀ Oòrùn. Abẹ́òkúta ni Fájuyì wà nígbà náà, níbi tí ó ti jẹ́ olórí àwọn ọmọ ogun tó wà níbẹ̀. Ṣáájú èyí, òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó ṣe olórí bàtálíọ̀nù kìn-ín-ní ní Enugu.

Oṣù mẹ́fà péré ló fi ṣe gómìnà. Iná wẹ́tíẹ̀ rọlẹ̀ ní ìlú àti ní abúlé, àwọn àgbẹ̀ sì padà sí oko wọn. Ṣùgbọ́n ní Òkè Ọya, inú kò rọ̀. Ní ọjọ́ 24 oṣù karùn-ún, Ironsi gbé òfin kẹrìnlélọ́gbọ̀n jáde, èyí tó pa àwọn ẹkùn orílẹ̀-èdè yìí pọ̀ sí ìjọba kan ṣoṣo. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí pa àwọn Ígbò ní àwọn ìlú Òkè Ọya. Ironsi wá ń rin ìrìn-àjò kiri orílẹ̀-èdè láti pẹ̀tù sí ọkàn àwọn ènìyàn. Ní ọjọ́ 28 oṣù keje ó bá àwọn ọba àti ìjòyè tí wọ́n pè jọ láti gbogbo ẹkùn sọ̀rọ̀ ní Ìbàdàn, ó sì sùn ní ilé ìjọba ní Agodi. Fájuyì ló gbà á lálejò.

Òru ọjọ́ náà ni ọ̀tẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ ní bárékè Abẹ́òkúta, níbi tí Fájuyì fúnra rẹ̀ ti ṣe olórí ní oṣù díẹ̀ ṣáájú. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn ọmọ ogun ti yí ilé ìjọba ní Agodi ká. Láti bàtálíọ̀nù kẹrin tó wà ní bárékè Letmauk ní Ìbàdàn ni wọ́n ti wá. Letmauk jẹ́ orúkọ ibì kan ní ilẹ̀ Bọ́mà, tí àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ti bá àwọn ará Japan jà ní ọdún 1945. Ọ̀rọ̀ tó sì ń dun ọkàn jù ni pé bàtálíọ̀nù kẹrin yìí kan náà ni Fájuyì bá lọ sí Kóńgò. Inú agbo tí ó ti gba àmì-ẹ̀yẹ ìgboyà ni àwọn tó wá mú un ti jáde. Theophilus Danjuma, tí ó jẹ́ májọ̀ nígbà náà, ti sọ ọ́ ní gbangba lẹ́yìn náà pé òun ni òun ṣáájú àwọn tó wá mú Ironsi, ṣùgbọ́n pé òun kò pàṣẹ pé kí wọ́n pa á. Wọ́n kó Ironsi àti Fájuyì sínú ọkọ̀, wọ́n gba ọ̀nà Ìwó lọ. Ọ̀kan nínú àwọn amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ Ironsi tí wọ́n jọ kó lọ rí àyè sá wọ igbó, ó sì yè é. Àwọn ọ̀gá méjèèjì kò padà wálé.

Ibi tí ìtàn ti pín sí méjì nìyí, òpìtàn tó bá sì bẹ̀rù Ọlọ́run kò gbọdọ̀ fi ìkan pa mọ́. Ìtàn tí a gbọ́ jù ní ilẹ̀ Yorùbá ni pé Ironsi ni àwọn ọmọ ogun náà ń wá, pé Fájuyì sọ fún wọn pé àlejò òun ni, pé bí wọn yóò bá mú un lọ, kí wọ́n mú òun náà lọ. Àwọn mìíràn kò gba èyí gbọ́, àwọn tó mọ̀ nípa ìdìtẹ̀ náà sì wà lára wọn. Wọ́n ní àwọn ọmọ ogun Òkè Ọya ti ń fura sí Fájuyì pé ó lọ́wọ́ nínú ìdìtẹ̀ oṣù kìn-ín-ní, nítorí náà wọn ì bá mú un bó bá tilẹ̀ dákẹ́. Yorùbá ní òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Bí a bá fẹ́ràn Fájuyì, kò yẹ kí á máa ra èké nítorí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sì yẹ kí á jẹ́ kí iyàn yìí gba ohun tó dájú mọ́ wa lọ́wọ́.

Kí ni ohun tó dájú? Ó dájú pé òun ni onílé, Ironsi sì ni àlejò. Ó dájú pé inú ilé kan náà ni wọ́n wà nígbà tí àwọn ọmọ ogun dé. Ó dájú pé Fájuyì kò ra ẹ̀mí ara rẹ̀ nípa fífi àlejò rẹ̀ lé wọn lọ́wọ́ kí ó sì máa ṣe gómìnà lọ. Ẹnu tó bá sọ pé kò sọ̀rọ̀ akin kan kò lè sọ pé ó sọ̀rọ̀ ojo. Inú igbó kan náà ni ẹ̀jẹ̀ àwọn méjèèjì ti ṣàn. Ní tèmi o, bí a bá yọ gbogbo ọ̀rọ̀ tí a kò lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀ kúrò nínú ìtàn náà, ibi tí ọkùnrin náà dúró sí kò yí padà. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni a lè jiyàn lé lórí. Ibi tí òkú sùn sí kò gba iyàn.

Kí ló dé tí ohun tí àwọn ènìyàn dì mú nínú ìtàn yìí fi jẹ́ ọ̀rọ̀ àlejò? Ìdí ni pé ọ̀rọ̀ àlejò kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré nínú àṣà wa. Omi tútù ni à ń kọ́kọ́ gbé fún àlejò kí á tó bi í léèrè ibi tó ti ń bọ̀. Ní Ìbàdàn àtijọ́, ẹni tó bá ti sá wọ agbo ilé olóyè ogun ti di ẹni tí olóyè náà gbọdọ̀ dúró fún, ìbáà jẹ́ Ọ̀yọ́, Ìjẹ̀bú tàbí Ìjẹ̀ṣà. Kò sí ìlú tó ń gba àlejò tó Ìbàdàn, nítorí àlejò ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tó kọ́kọ́ dó sí i. Ṣùgbọ́n Fájuyì kì í ṣe ọmọ Ìbàdàn. Ọmọ Èkìtì ni. Láti ọdún 1877 ni Ìbàdàn lábẹ́ Ààrẹ Látòósà àti àwọn Èkìtìparapọ̀ tí Ògèdèǹgbé ṣáájú ti ń jagun Kírìjí, tí ìbọn ń dún ní òkè láìdáwọ́ dúró, kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 1886. Láti ọjọ́ náà títí di ọjọ́ Lálúpọn, ó ku oṣù méjì kí ó pé ọgọ́rin ọdún. Ilẹ̀ oko Ìbàdàn tí ìran rẹ̀ ti kà sí ilẹ̀ ọ̀tá ni ọmọ Èkìtì wá kú sí, gẹ́gẹ́ bí onílé tó ń dúró fún àlejò, àlejò náà sì jẹ́ ọmọ Ígbò. Ẹni tó bá ń wá ohun tí à ń pè ní ìṣọ̀kan Nàìjíríà nínú ìwé òfin lè má rí i níbẹ̀. Ó lè lọ wò ó nínú igbó Lálúpọn.

Lẹ́yìn ikú wọn, ohun tí Yorùbá kórìíra jù ló ṣẹlẹ̀: ikú tí a kò tú. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹjọ, Yakubu Gowon di olórí ìjọba. Láìpẹ́ Adéyínká Adébáyọ̀, tí òun náà jẹ́ ọmọ Èkìtì, di gómìnà ní Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n ìjọba kò sọ fún àwọn ará ìlú pé Ironsi àti Fájuyì ti kú. Láti oṣù keje títí di oṣù kìn-ín-ní ọdún 1967 ni ọ̀rọ̀ náà fi wà ní ẹnu àhesọ. Ẹ ro ohun tí èyí jẹ́ fún ẹbí. Nínú àṣà wa, bí ènìyàn bá kú sí ìrìn-àjò tí a kò sì lè gbé òkú rẹ̀ wálé, irun àti èékánná rẹ̀ ni a ń mú wá, kí òkú lè bá àwọn baba rẹ̀ sùn. Bí ọdẹ bá kú, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní láti ṣe ìṣípà, kí wọ́n sì sun ìrèmọ̀jé fún un, kí a má baà sọ pé ó kú ikú ẹran. Ní oṣù márùn-ún àti ààbọ̀, kò sí èyí tí a lè ṣe ní gbangba fún ẹni tó gba àgbélébùú fàdákà. Lẹ́yìn ìpàdé Aburi ní ilẹ̀ Gánà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1967 ni ìjọba tó kéde ikú wọn. Wọ́n sin Ironsi sí Umuahia pẹ̀lú ẹ̀yẹ ológun, wọ́n sì sin Fájuyì sí Adó-Èkìtì. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn èyí ni ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀, ogun tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ráyè ṣọ̀fọ̀ ẹnì kan ṣoṣo.

A kò lè sọ pé wọ́n gbàgbé rẹ̀. Wọlé Ṣóyínká kọ ewì kan fún un, ó sì wà nínú ìwé ewì rẹ̀ tí ó ń jẹ́ Idanre, èyí tó jáde ní ọdún 1967. Ní Yunifásítì Ifẹ̀, ilé gbígbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ní Adó-Èkìtì, gbàgede kan ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ibùdó ńlá àwọn ọmọ ogun ní Odógbo, lẹ́bàá Òjòó ní agbègbè Akínyẹlé, ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n orúkọ tí a kọ sára ògiri máa ń di orúkọ ògiri bí a kò bá ń sọ ìtàn rẹ̀. Mo ti bi àwọn ọ̀dọ́ léèrè lọ́pọ̀ ìgbà pé ta ni Fájuyì. Àwọn kan ní òpópónà ni; àwọn kan ní gómìnà àtijọ́ kan ni. Díẹ̀ nínú wọn ló mọ̀ pé ọkọ̀ tó ń gbé wọn lọ sí Ìwó ń gba ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n pa á sí kọjá.

Àwọn abúlé tó yí Ìbàdàn ká yìí kò ṣàìmọ akin. Ọdún méjì péré lẹ́yìn ikú Fájuyì ni àwọn àgbẹ̀ láti Akáńran ní Ọ̀nà-Àrà títí dé Ẹgbẹ́dá àti Lágelú dìde sí owó orí tó ń ni wọ́n lára, tí wọ́n sì ń pe ara wọn ní Àgbẹ́kọ̀yà. Tàfá Adéoyè tó ṣáájú wọn kì í ṣe ọ̀gágun, kò sì sí ìjọba tó so fàdákà mọ́ ọn láyà. Síbẹ̀ ìjọba gbà láti dín owó orí kù ní ọdún 1969. Mo mẹ́nu bà á kí á lè rí i pé àwọn ènìyàn agbègbè yìí ní ìwọ̀n tiwọn tí wọ́n fi ń wọn ọkùnrin. Wọn kò bèèrè iye ọ̀tá tó pa. Ohun tí wọ́n ń bèèrè ni: nígbà tí ọ̀rọ̀ dójú ẹ̀, ta ló dúró tì?

Ìwọ̀n yìí ló yẹ kí á fi rántí Fájuyì, kí á sì ṣọ́ra kí á má ṣì í lò. Àwọn kan máa ń fi ìtàn rẹ̀ yangàn sí ẹ̀yà mìíràn, bí ẹni pé nítorí pé ọmọ Yorùbá kan ṣe dáadáa, gbogbo wa ti ṣe tiwa nìyẹn. Èyí kì í ṣe ìrántí, ìlòkulò ni. Oṣù tí wọ́n pa Fájuyì náà ni wọ́n pa ọ̀pọ̀ ọmọ ogun Ígbò ní Abẹ́òkúta, ní Ìkẹjà àti ní Ìbàdàn níbí, láàrin wa, tí a kò mọ orúkọ púpọ̀ nínú wọn. Ìtàn Fájuyì kò wà láti yìn wá. Ó wà láti bi wá léèrè ohun tí àwa yóò ṣe bí wọ́n bá kan ilẹ̀kùn ní òru, tí wọ́n sì ní kí á yọ̀ǹda ẹni tó sùn sílé wa.

Àgbélébùú fàdákà tí ó gbà ní Kóńgò dára, ó sì tọ́ sí i. Ìbọn ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó gbà á, àwọn ènìyàn rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, ó sì rí ọ̀nà jáde kúrò nínú ibùba náà. Ní Agodi, kò sí ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀, kò sì sí ọ̀nà àbájáde àyàfi kí ó já àlejò rẹ̀ sílẹ̀. Ibùba kejì yìí ni kò jáde nínú rẹ̀, òun sì ni àwọn àgbà fi ń rántí rẹ̀. Mo bẹ àwọn olùkọ́ tó wà ní Ìyànà Ọ̀fà, ní Lálúpọn, ní Mọ́níyà, ní Ẹgbẹ́dá àti ní Akáńran pé bí ọjọ́ 29 oṣù keje bá ti ń sún mọ́, kí wọ́n sọ ìtàn náà fún àwọn ọmọ bó ṣe rí, pẹ̀lú ibi tó dájú àti ibi tí wọ́n ti ń jiyàn. Kí wọ́n sì fi ilẹ̀ náà hàn wọ́n. A kò ní idà mọ́ láti fi lalẹ̀ nígbà tí a bá perí akọni, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ọmọ tó bá dé ibẹ̀ tó sì mọ ìdí tí òun fi dé ibẹ̀, òun náà ti lalẹ̀.